Àdéhùn Ẹ̀pẹ́ ti Ọdún 1854 Tó Ìwádìí Ṣe fún Oyè Másítà

Òkè-Bàlógun,
Ẹ̀pẹ́,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Alàgbà Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú ìdúró ti èdè wa. Ní àsìkò yìí tí àwọn yunifásítì ń ta fọ́ọ̀mù fún àwọn tí ó fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ gba oyè másítà àti oyè ọ̀mọ̀wé, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní ẹ̀kọ́ tí à ń pè ní Gọ́fúmẹ́ǹtì ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ẹ̀pẹ́ níbí ni ń wá sọ́dọ̀ mi láti béèrè bóyá kí àwọn lọ kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣèlú tàbí ìmọ̀ ìbáṣepọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé kí ó má lọ. Ohun tí mo máa ń bi wọ́n ni ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe ìwádìí lé lórí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin àti àwọn òǹkàwé yín sọ wà.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni èmi náà padà sí yunifásítì kan, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, láti kẹ́kọ̀ọ́ gba oyè másítà nínú ìmọ̀ ìbáṣepọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè. Ọjọ́ Ẹtì àti ọjọ́ Àbámẹ́ta ni a máa ń gba ẹ̀kọ́, nítorí náà mo máa ń wọ ọkọ̀ ní gáréèjì kí àwọn ìyá ẹlẹ́ja tó pàtẹ, ilẹ̀ a sì ti ṣú pátápátá kí n tó padà wọlé. N kò kábàámọ̀ ìnáwó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kò kábàámọ̀ wàhálà ọ̀nà. Àwọn olùkọ́ wa mọ iṣẹ́ wọn, wọ́n sì kọ́ wa bí a ti ń ya ohun tí a gbọ́ lásán sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀. A kà nípa Thucydides, òpìtàn ará Gíríìsì àtijọ́. A ka Hans Morgenthau àti Kenneth Waltz lórí agbára, àti lórí ìbẹ̀rù tí ń mú kí orílẹ̀-èdè kan máa ṣọ́ èkejì. Wọ́n sì tún un sọ fún wa léraléra pé àwọn àdéhùn àlàáfíà Westphalia, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ìlú Osnabrück àti Münster ní ilẹ̀ Jámánì ní 1648, ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn àwọn orílẹ̀-èdè olómìnira tí ẹnikẹ́ni kò jọba lé lórí.

Nígbà tí ó tó àkókò láti mú àkòrí àpilẹ̀kọ wá, mo kọ ojú ewé mẹ́rin lórí àdéhùn tí Ọba Kòsọ́kọ́ àti Benjamin Campbell, kọ́ńsù, ìyẹn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, fọwọ́ sí ní Ẹ̀pẹ́ níbí ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi dá a padà fún mi. Èsì tí wọ́n fún mi ni pé ìtàn ìbílẹ̀ ni èyí, kì í ṣe ìbáṣepọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè, àti pé kí n lọ wá nǹkan kọ lórí Amẹ́ríkà àti China. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Inú ìwé àti ìròyìn tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ṣa ọ̀rọ̀ jọ, wọ́n sì fún mi ní máàkì tí ó dára, ṣùgbọ́n kò sí ohun kan nínú àpilẹ̀kọ náà tí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní Beijing tàbí Washington kò mọ̀ jù mí lọ. Èyí tí èmi ìbá mú wá, tí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rí rẹ̀ wà ní ibi tí mo lè fi ẹsẹ̀ rìn dé láti ẹnu ọ̀nà mi, ni wọ́n ní kí n gbé sílẹ̀. Ó dùn mí nígbà náà, ó sì tún ń dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ báyìí tí mo ń rí i tí irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ tí mo kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àdéhùn náà jẹ́, nítorí mo ti rí i pé àwọn ará Ẹ̀pẹ́ fúnra wọn, àní àwọn ọmọ Èkó-Ẹ̀pẹ́ tí kì í pa ọdún Káyókáyó jẹ, kò mọ̀ pé ìwé kan wà. Ní 1845 ni Kòsọ́kọ́ lé Akíntóyè kúrò lórí ìtẹ́ Èkó. Ní ìparí oṣù Kejìlá 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá lu Èkó, wọ́n sì dá Akíntóyè padà sórí oyè. Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀, tí Òṣòdì Tápà wà lára wọn, gba ojú ọ̀sà sá lọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Awùjalẹ̀ sì yọ̀ǹda kí wọ́n tẹ̀ dó sí Ẹ̀pẹ́. Lójú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ọba tí a lé ni. Ṣùgbọ́n ọba tí a lé yìí ní ọmọ ogun, ó ní ọkọ̀ ojú omi àti ìbọn, epo pupa tí àwọn oníṣòwò Èkó ń retí láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú sì ní láti gba orí omi tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń ṣọ́ kọjá. Ní 1853 ó gbógun padà wá sí Èkó, kò sì rí i gbà. Akíntóyè wàjà ní ọdún yẹn kan náà, Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ gorí oyè, ṣùgbọ́n ọkàn ẹnikẹ́ni tí ó ní ẹrù lórí ọ̀sà kò balẹ̀. Campbell, tí kò tíì pẹ́ púpọ̀ ní Èkó, rí i pé ẹni tí àgbá kò lè mú ni òun ń bá jà, ó sì yá sí ọ̀rọ̀ sísọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1854 ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ojú kan ara wọn lórí omi. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹsàn-án, ìwé ti délẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́.

Nínú ìwé náà, Kòsọ́kọ́ ṣèlérí pé òun kò ní du Èkó mọ́, pé òun kò ní gbógun tì í, pé òun yóò sì jáwọ́ nínú òwò ẹrú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn gbà pé òun ni ó ni èbúté Palma àti Lẹ́kìí, wọ́n gbà kí ó máa gba owó orí ọjà tí ń ti Palma jáde, wọ́n sì gbà láti máa san owó fún un lọ́dọọdún. Mo wá béèrè lọ́wọ́ ẹ̀yin olùkọ́ ìmọ̀ yìí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí ó tọ́ sí yín: kí ni ó kù nínú ìbáṣepọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè tí kò sí nínú èyí? Ìjọba alágbára kan lé ọba kan kúrò nílé, ọdún mẹ́ta kò sì tíì pé tí ó fi jókòó bá a, tí ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí olórí tí ó ní ilẹ̀ àti ibodè. Èyí ni àwọn ìwé wa ń pè ní kí orílẹ̀-èdè kan ka ìjọba mìíràn kún. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ ní Yúróòpù tàbí ní Éṣíà, àwa náà a máa há a sórí fún ìdánwò.

Ọ̀ràn kan tún wà nínú rẹ̀ tí ó jinlẹ̀ jù èyí lọ, òun ni mo sì ń ronú lé lórí jùlọ. Ilẹ̀ Awùjalẹ̀ ni Ẹ̀pẹ́. Àlejò ni Kòsọ́kọ́. Àṣẹ wo ni àlejò ní láti fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú ìjọba ilẹ̀ òkèèrè lórí ilẹ̀ onílẹ̀? Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ wa ní Westphalia, ilẹ̀ kan kì í ní ju aláṣẹ kan lọ, ẹni tí ó bá sì wà nínú ààlà rẹ̀, abẹ́ àṣẹ ẹni yẹn ni ó wà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni a ṣe ń ṣe é. Ọba a máa fún àlejò ní ilẹ̀, àlejò a sì máa mọ̀ pé onílẹ̀ ń bẹ. Síbẹ̀ àlejò tí ó kó ogun wá lè ní ààfin tirẹ̀, kí ó ní ìjòyè tirẹ̀, kí ó sì rán ikọ̀ tirẹ̀ níṣẹ́, láìjẹ́ pé onílẹ̀ kà á sí ọ̀tẹ̀. Títí di òní, Èkó-Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ ni à ń pe apá méjèèjì ìlú wa. Akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé tí ó bá fi ọdún mẹ́ta jókòó ti ọ̀ràn yìí lè bá ohun kan jáde tí àwọn tí ń kọ tíọ́rì ní òkè òkun yóò ní láti kà, nítorí kì í ṣe ohun tí wọ́n lè rí nínú ìtàn tiwọn.

Bí àdéhùn náà ṣe parí pàápàá jẹ́ ẹ̀kọ́. Ní oṣù Kẹjọ 1861, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Dòsùnmú. Ní 1862, Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó. Ní oṣù Kejì 1863, ó yọ̀ǹda Palma àti Lẹ́kìí fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún yẹn náà sì ni wọ́n gbógun ti Ẹ̀pẹ́ fúnra rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 1892, etí omi wa yìí náà ni ogun Gẹ̀ẹ́sì ti gúnlẹ̀ kí ó tó gba ọ̀nà Ìmágbọ̀n lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Láàárín ọdún méjìdínlógójì, ìlú kan ṣoṣo rí ìjọba tí wọ́n kà kún, tí wọ́n sanwó fún, tí wọ́n kó sábẹ́, tí wọ́n sì wá sọ di ojú ọ̀nà ogun.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀. Ohun tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì sọ nípa owó ọdọọdún Kòsọ́kọ́ ni pé yóò jẹ́ “orí” owó ẹyọ 2,000 tàbí 1,000 dọ́là. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gbọ́ ju èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ yóò dúró níbẹ̀, kò ní mọ ohun tí orí owó jẹ́. Ẹgbàá ni. Ẹgbàá owó ẹyọ kan ni àwọn oníṣòwò Òyìnbó ń pè ní orí kan, ogún ọ̀kẹ́ sì ni igba ẹgbàá, nítorí náà igba ọ̀kẹ́ owó ẹyọ ni wọ́n ṣèlérí fún Kòsọ́kọ́, èyí tí ó fi hàn pé ẹgbàajì ni wọ́n ka dọ́là kan sí lẹ́nu àdéhùn náà. Dọ́là fàdákà tí wọ́n ń ná ní etíkun nígbà náà ni, kì í ṣe dọ́là Amẹ́ríkà tí à ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ lójoojúmọ́. Ìyá àgbà kan tí ó bá mọ owó kíkà àtijọ́ yóò ṣe ìṣirò yìí ní ìjókòó kan. Síbẹ̀, mo gbọ́ tí wọ́n sọ ní gbọ̀ngàn ẹ̀kọ́ pé èdè Yorùbá kò wúlò fún ìwádìí ní ipele yìí, àfi bí ẹni náà bá ń kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá.

Ẹ tún wo àrokò. Lẹ́yìn tí Akíntóyè padà sórí oyè ní 1851, Awùjalẹ̀ fi àrokò àlàáfíà ránṣẹ́ sí Èkó. Owó ẹyọ mẹ́jọ ni ó wà lórí okùn rẹ̀, méjì méjì tí ó kojú sí ara wọn, pẹ̀lú ọmọ ayò àti àwọn nǹkan mìíràn. Wọ́n gbé àlàyé rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ ní London ní àwọn ọdún 1880, nípasẹ̀ Ọ̀túnba Payne tí ó jẹ́ akọ̀wé àgbà ilé ẹjọ́ ní Èkó. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú gbogbo ènìyàn tí ń bẹ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ayé, ará Èkó àti ará Ìjẹ̀bú ni ó súnmọ́ ara wọn jù, àti pé bí ó ti jẹ́ pé ayò ni eré tí ìlú méjèèjì jọ ń ta, bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n máa bá ara wọn ṣeré láìjà. Bí èyí kì í bá ṣe ìwé ìjọba kan sí ìjọba kejì, n kò mọ ohun tí ó jẹ́. Ẹ sì kíyè sí i pé kò pẹ́ sí ìgbà náà tí Ìjẹ̀bú yìí kan náà gba Kòsọ́kọ́, ọ̀tá Akíntóyè, sí Ẹ̀pẹ́. Àbá tí à ń pè ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì agbára, pé kí apá kan má lágbára ju èkejì lọ, tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ wa láti inú ìtàn Yúróòpù, ni Awùjalẹ̀ ń ṣe lójú ọ̀sà wa.

Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ ronú báyìí. Ní 1979, Ọ̀jọ̀gbọ́n Claude Ake, ọ̀kan nínú àwọn tí ó mọ ìmọ̀ ìṣèlú jùlọ ní Áfíríkà, kọ ìwé láti fi hàn pé ìmọ̀ àwùjọ tí à ń gbà wọlé láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà láìyẹ̀ ẹ́ wò jẹ́ ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń jọba lé wa lórí. Columbia ní Amẹ́ríkà ni òun fúnra rẹ̀ ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, nítorí náà kì í ṣe àìmọ ìmọ̀ wọn ni ó mú un sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá 1996, ọkọ̀ òfurufú tí ó wọ̀ láti Port Harcourt sí Èkó já sínú omi ní Ejìnrìn, ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ wa níhìn-ín, kò sì sí ẹni tí ó yè nínú gbogbo èrò inú rẹ̀. Mo rántí ọjọ́ náà dáadáa. Ejìnrìn yìí kan náà ni ọjà ńlá tí epo Ìjẹ̀bú ń gbà dé Èkó ní ayé Kòsọ́kọ́. N kì í gba ọ̀nà ibẹ̀ kọjá kí n má rántí ọkùnrin náà, ó sì máa ń dà mí láàmú pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń tọ́ka sí ìwé rẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ wọn, tí wọ́n sì ti há ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí, kò rí àyè ṣe ohun tí ó ní kí wọ́n ṣe.

Mo mọ ohun tí àwọn olùkọ́ yóò sọ, n kò sì fojú kéré rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ lọ́wọ́ wọn ju bí ó ti yẹ lọ. Ìyanṣẹ́lódì ọdún 2022, tí ó gba oṣù mẹ́jọ, kó iṣẹ́ jọ sí wọn lọ́rùn. Àkòrí tí olùkọ́ ti mọ ìwé rẹ̀ sì rọrùn láti bójú tó ju èyí tí òun fúnra rẹ̀ yóò ní láti kọ́ lọ. Wọ́n tún ń sọ pé àwọn onímọ̀ ìtàn ti ṣe iṣẹ́ yìí. Òtítọ́ ni pé Robert Smith, òyìnbó tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní àwọn yunifásítì wa, ti kọ̀wé lórí ọ́fíìsì kọ́ńsù Èkó ní àwọn ọdún 1970, ìwé rẹ̀ sì dára. Ṣùgbọ́n bí nǹkan ṣe ṣẹlẹ̀ ni onítàn ń sọ. Ìdí tí àdéhùn irú èyí fi ń dúró tàbí tí ó fi ń yẹ̀, àti ohun tí ó lè kọ́ wa nípa àdéhùn tí orílẹ̀-èdè wa ń fọwọ́ sí lónìí, iṣẹ́ onímọ̀ ìṣèlú ni, kò sì tíì ṣe é.

Èyí tí àwọn ọmọ fúnra wọn máa ń sọ fún mi ni pé àkòrí ìbílẹ̀ kò ní jẹ́ kí àwọn rí ẹ̀bùn owó ẹ̀kọ́ gbà lọ sí òkè òkun. Mo gbà pé púpọ̀ nínú wọn fẹ́ lọ, pàápàá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí másítà ti ń gba ọdún kan péré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti oṣù Kìíní 2024 ni wọn kò ti gbà kí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń kà á mú ìyàwó tàbí ọmọ dání mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dé iwájú àwọn tí ń pín ẹ̀bùn owó ẹ̀kọ́, tí ó sọ pé Amẹ́ríkà àti China ni òun fẹ́ kọ lé lórí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó tò sórí ìlà náà. Ẹni tí ó bá sọ pé òun fẹ́ ka ìwé kọ́ńsù Campbell ní ilé àkójọ ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Kew, ní London, kí òun sì fi wé ohun tí àwọn àgbà Ẹ̀pẹ́ ń sọ ní èdè tí òun gbọ́, kò ní alábàádíje púpọ̀. Ẹni tí kò bá sì lè lọ sí Kew lè bẹ̀rẹ̀ láti ilé àkójọ ìwé ìjọba tí ó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn.

Bí ó bá sì jẹ́ pé China ni dandan, China wà ní Lẹ́kìí. Èbúté olómi jíjìn tí wọ́n ṣí níbẹ̀ ní oṣù Kìíní 2023, ilé iṣẹ́ China Harbour ni ó ní ìpín tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, Ìpínlẹ̀ Èkó àti àjọ èbúté ìjọba àpapọ̀ sì ní ìpín tiwọn. Ní etíkun yìí kan náà, ní 1854, ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni ẹni tí ó ni èbúté, ẹni tí yóò gba owó ibodè, àti iye ọdún tí àdéhùn náà yóò fi dúró. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè fi àdéhùn méjèèjì lé orí tábìlì kan. N kò tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe é.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ àwọn olórí ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣèlú àti ìmọ̀ ìbáṣepọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè ní àwọn yunifásítì ilẹ̀ Yorùbá pé kí wọ́n má ṣe dá ọmọ padà nítorí pé ìlú rẹ̀ ni ó fẹ́ kọ lé lórí; kí wọ́n béèrè ohun tí ó fẹ́ fi hàn àti ẹ̀rí tí ó ní, bí wọ́n ti ń bi ẹni tí ń kọ̀wé lórí Washington. Kí wọ́n gbà á láàyè láti fi ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà sínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ní Yorùbá, kí ó sì túmọ̀ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Mo sì ń bẹ àwọn ìdílé ní Ẹ̀pẹ́, pàápàá àwọn tí bàbá ńlá wọn bá Kòsọ́kọ́ wọ ọkọ̀ dé, pé bí ìwé tàbí lẹ́tà àtijọ́ bá wà nínú àpótí wọn, kí wọ́n jẹ́ kí ẹnì kan tí ó mọ̀wé yà á ní fọ́tò kí ikán tó jẹ ẹ́.

Ní tèmi, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìwé àdéhùn náà sí Yorùbá, abala kan tẹ̀lé òmíràn, mo sì ti dé ibi owó ọjà ní Palma. Bí ẹ bá lè yọ̀ǹda igun kan fún un nínú ìwé ìròyìn yín, Alàgbà Olóòtú, n óò fi í ránṣẹ́ sí yín bí mo bá ti parí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá sì fẹ́ rí etí omi tí wọ́n ti fọwọ́ sí i, kí ó kọ̀wé sí yín kí ẹ fi tó mi létí. N óò mú un lọ síbẹ̀ fúnra mi.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Olùkọ́ Gọ́fúmẹ́ǹtì tí ó ti fẹ̀yìn tì,
Ẹ̀pẹ́.